Ground Plum: Ewéko Pápá Gbígbẹ Tí Òdòdó Nìkan Kò Tó Fi Dá Mọ̀

Ewéko kan ṣoṣo la fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ lónìí. A fẹ́ mọ̀ ọ́n dójú àmì, débi pé ẹni tí kò rí i rí á lè bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ nínú pápá, kí ó nawọ́ sí i, kí ó sì sọ pé òun nìyí.

Kì í ṣe ewéko ilẹ̀ wa. Àárín gbùngbùn Amẹ́ríkà ni ilé rẹ̀, ní pápá tẹ́rẹrẹ tó bẹ̀rẹ̀ láti Alberta àti Manitoba ní Kánádà, tó sì gùn wá sí ìsàlẹ̀ títí dé Texas. Orúkọ tí àwọn onímọ̀ kọ sílẹ̀ fún un ni Astragalus crassicarpus. Ground plum ni àwọn ará ibẹ̀ ń pè é, orúkọ tí èmi náà yóò sì máa lò nìyẹn.

Ìdí tí mo fi mú un wá sórí rédíò ni pé èso rẹ̀ ṣeé jẹ, àwọn ènìyàn sì ti ń jẹ ẹ́ láti ayébáyé. Ṣùgbọ́n àwọn mọ̀lẹ́bí rẹ̀ kan wà nínú pápá kan náà, òdòdó wọn fara jọ tirẹ̀ gan-an, wọ́n sì ń pa màlúù, wọ́n ń pa ẹṣin. Ẹni tó bá wo òdòdó nìkan kò tíì dá ground plum mọ̀ rárá. Ẹ bá mi di ọ̀rọ̀ yìí mú ṣinṣin, nítorí òun ni gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ rọ̀ mọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ bá ti gbin ẹ̀wà rí, ẹ ti mọ ìdajì ẹ̀kọ́ òní. Ìdílé ẹ̀wà ni ground plum ti wá. Ìdílé náà tóbi: ẹ̀pà wà níbẹ̀, òtìlí wà níbẹ̀, igi igbá tí à ń fi èso rẹ̀ ṣe irú wà níbẹ̀. Wéréńjéjé náà ọmọ ìdílé yìí ni, ẹ sì mọ̀ pé hóró rẹ̀ pupa rẹ̀ dúdú, ó dára lójú, oró ló wà nínú rẹ̀. Nítorí náà, kò yẹ kó yà wá lẹ́nu pé inú ẹbí kan náà ni oúnjẹ àti májèlé ti jáde.

Ẹ wo òdòdó ẹ̀wà dáadáa nígbà tí ẹ bá tún dé oko. Abala kan wà lókè tó fẹ̀, tó dúró gangan. Òun ni oyin ń rí látòkèèrè. Abala méjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Lábẹ́ wọn, abala méjì tó kù ti so pọ̀ di àpò kékeré kan, inú àpò náà sì ni akọ àti abo òdòdó fara pamọ́ sí. Bí oyin bá bà lé e, ìwúwo rẹ̀ á tẹ àpò yẹn wálẹ̀, ohun tó wà nínú rẹ̀ á yọ síta, lẹ́búlẹ́bú òdòdó á sì lẹ̀ mọ́ oyin lábẹ́ ikùn. Bí òdòdó ground plum ti rí gẹ́lẹ́ nìyẹn, àfi pé oyin ńlá onírun ló sábà máa ń ṣí i, nítorí ahọ́n rẹ̀ gùn tó láti kan omi dídùn tó wà nísàlẹ̀. Ẹ má gbàgbé àpò ìsàlẹ̀ yẹn. A óò padà sí i.

Astragalus ni orúkọ ìran tí ground plum wà nínú ìdílé ẹ̀wà, ẹ̀yà rẹ̀ tó wà láyé sì tó nǹkan bí 3,000. Kò sí ìran ewéko olódòdó mìíràn tó ní ọmọ tó bẹ́ẹ̀. Láti ara àwọn kan ní Íránì àti Tọ́kì ni wọ́n ti ń rí oje tragacanth, tí àwọn apòògùn ń fi sínú oògùn kó lè ki. Gbòǹgbò òmíràn ti pẹ́ nínú ìṣègùn ilẹ̀ Ṣáínà. Pẹ̀lú ọmọ tó pọ̀ báyìí, àmì kan ṣoṣo kò lè ya ẹnikẹ́ni sọ́tọ̀ nínú wọn, àfi kí a kó àmì jọ.

Ibi tí ewéko dúró sí ni kí a kọ́kọ́ wò. Ground plum kò fẹ́ràn ẹrẹ̀, kò sì fẹ́ràn ìbòòji. Orí òkè kéékèèké tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí ló ń wù ú, ilẹ̀ olókùúta wẹ́wẹ́, ilẹ̀ òkúta ẹfun tí omi kì í dúró lórí rẹ̀, níbi tí koríko kò ti ga. Gbòǹgbò rẹ̀ nípọn, ó sì wọlẹ̀ lọ jìnnà. Òun ni kì í jẹ́ kí ọ̀dá pa á. Ó tètè máa ń tanná. Ní Texas, òdòdó rẹ̀ lè yọ láti ìparí oṣù kejì. Ní Kansas, oṣù kẹrin sí oṣù karùn-ún ni. Bí a bá ṣe ń lọ sí Kánádà ni àkókò rẹ̀ ń sún síwájú. Ìdí kan wà fún ìkánjú yìí. Koríko ńláńlá inú pápá náà lè ga ju ènìyàn lọ tó bá di ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn. Ewéko tó sùn sílẹ̀ gbọ́dọ̀ rí oòrùn, kó tanná, kó sì so, kí àwọn tó ga tó bò ó mọ́lẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni, ó sùn sílẹ̀. Ẹ máa tẹ̀ lé mi díẹ̀díẹ̀, kí a jọ kúnlẹ̀ tì í. Láti orí gbòǹgbò kan ṣoṣo ni ẹ̀ka púpọ̀ ti yọ, tí wọ́n nà káàkiri lórí ilẹ̀, tí ẹnu wọn sì gbé sókè díẹ̀. Ẹ̀ka kan lè gùn tó sẹ̀ǹtímítà 10, ó sì lè tó 60. Ewé wà lára ẹ̀ka yìí láti ìdí dé orí; ẹ fi èyí sọ́kàn. Ewé kọ̀ọ̀kan pín sí ọmọ ewé wẹ́wẹ́ tó kọjú síra ní méjìméjì, pẹ̀lú ẹyọ kan tó dá dúró lórí. Bí ẹ bá ka ọmọ ewé náà, ó sábà máa ń wà láàárín 15 sí 27, ó sì lè ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ yí ewé náà padà: irun tín-ín-rín tó dùbúlẹ̀ wà lábẹ́ rẹ̀. Lókè, irun náà kò tó nǹkan, ewé náà sì ń dán.

Òdòdó rẹ̀ wá ńkọ́? Wọ́n máa ń yọ ní ìdì kékeré lẹ́bàá orí ẹ̀ka, márùn-ún, mẹ́wàá, ogún nínú ìdì kan, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì gùn tó sẹ̀ǹtímítà 2. Ṣùgbọ́n àwọ̀ rẹ̀ ló ń tan ènìyàn jẹ. Ní ọ̀pọ̀ ibi ní Kansas àti Nebraska, àwọ̀ àlùkò ni. Ní Texas, funfun tí àlùkò kan lẹ́nu pọ̀ nínú wọn. Ní àgbègbè Ozark ní Missouri, funfun tó fẹ́ yí sí àwọ̀ ewé tútù ni. Ewéko kan náà ni gbogbo wọn. Ẹni tó bá ń fi àwọ̀ wá a á kọjá lára rẹ̀ nígbà mìíràn, nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀ á gbé ọ̀tá rẹ̀ bọ àpò.

Àwọn ọ̀tá náà ni ká wá dárúkọ báyìí.

Èkíní ni Oxytropis lambertii, tí àwọn darandaran ibẹ̀ ń pè ní locoweed. Òdòdó rẹ̀ aláwọ̀ àlùkò lẹ́wà, ó sì máa ń kún pápá bí a bá wọ ìgbà ìrúwé. Ìyàtọ̀ méjì ló wà láàárín òun àti ground plum. Ìkíní, kò ní ẹ̀ka tó sùn sílẹ̀. Láti orí gbòǹgbò ni gbogbo ewé rẹ̀ ti yọ lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀pá òdòdó rẹ̀ náà sì ti ibẹ̀ dìde gangan láìní ewé kankan lára. Ìkejì ni àpò ìsàlẹ̀ tí mo ní kí ẹ má gbàgbé. Ẹ já òdòdó kan ṣoṣo. Ẹ fi èékánná fa abala méjì ẹ̀gbẹ́ kúrò, kí àpò náà lè hàn síta. Ẹ wo ẹnu rẹ̀. Bí ẹnu náà bá kúnjú, tó rí róbótó, ìran Astragalus ni. Bí ẹnu rẹ̀ bá yọ ṣóńṣó, tí ẹ̀gún wẹ́wẹ́ kan nà jáde níwájú rẹ̀, ìran Oxytropis ni. Ṣóńṣó náà kéré, ó sì dára kí ènìyàn mú awò tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá dání. Nínú gbogbo àmì tí mo mọ̀, èyí ni mo fẹ́ràn jù, nítorí kì í yí padà pẹ̀lú ilẹ̀ tàbí pẹ̀lú ojú ọjọ́.

Ṣùgbọ́n àmì yẹn kò gbà wá lọ́wọ́ ọ̀tá kejì, nítorí Astragalus ni òun fúnra rẹ̀. Orúkọ rẹ̀ ni Astragalus mollissimus. Ó wọ́pọ̀ ní ìwọ̀-oòrùn Texas, ní New Mexico, àti ní igun Kansas tó sún mọ́ wọn. Ẹnu àpò òdòdó rẹ̀ rí róbótó bí ti ground plum. Ọwọ́ ni ẹ óò fi mọ̀ ọ́n: ẹ fọwọ́ kan ewé rẹ̀, irun ti bò ó lókè nísàlẹ̀, ó rọ̀ wọ̀ǹwọ̀ bí òwú. Ewé ground plum kò ní irun bẹ́ẹ̀ láé. Èso mollissimus náà kì í ní omi nínú. Gbígbẹ ni, ó sì tẹ̀.

Kí ni àwọn méjèèjì yìí ń ṣe fún ẹran? Màlúù, àgùntàn tàbí ẹṣin tó bá ń jẹ wọ́n fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan á bẹ̀rẹ̀ sí í ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́. Ojú rẹ̀ á di bàìbàì, á rù, oyún á wálẹ̀ lára èyí tó lóyún. Ó le fún ẹṣin jù; èyí tó bá ti kó o wọra dáadáa kì í sábà padà sí bó ti wà. Àwọn darandaran ti mọ àrùn yìí láti ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ṣùgbọ́n ó pẹ́ kí wọ́n tó mọ ohun tó ń fà á. Ní 1979, àwọn onímọ̀ ní Ọsirélíà yọ oró kan jáde láti ara Swainsona, ewéko ìdílé ẹ̀wà ti ọ̀dọ̀ tiwọn. Wọ́n sọ ọ́ ní swainsonine. Ní 1982, Russell Molyneux àti Lynn James fi hàn pé oró náà wà nínú locoweed Amẹ́ríkà pẹ̀lú. Oró yìí ń dí ọwọ́ ẹ́ńsáìmù kan tó ń tú oríṣi ṣúgà kan palẹ̀ nínú ara. Ṣúgà náà á wá máa kó jọ nínú sẹ́ẹ̀lì, títí kan sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ, títí yóò fi bà wọ́n jẹ́. Nígbà tó yá, wọ́n tún rí i pé kì í ṣe ewéko náà gan-an ló ń ṣe oró ọ̀hún. Fọ́ńgọ́ọ̀sì kan tó ń gbé inú ara rẹ̀ ni, tí ó sì ń bá a wá láti inú hóró ìyá rẹ̀. Lójú tèmi, ọ̀kan nínú àwọn ohun àgbàyanu jù lọ nínú ìmọ̀ ewéko nìyí: ewéko tí à ń pè ní olóró, àlejò inú rẹ̀ ló ń po májèlé.

Àwọn yòókù kò le tó bẹ́ẹ̀ láti yà sọ́tọ̀. Bí ẹ bá rí ọwọ́ tín-ín-rín tó ń lọ́ mọ́ koríko lórí ewé, Vicia ni, ground plum kì í ní ọwọ́ bẹ́ẹ̀. Bí ọmọ ewé bá jẹ́ mẹ́ta péré, Baptisia ni, ẹ má sì jẹ èso rẹ̀, bó ti wù kó wú tó. Astragalus bisulcatus ń dúró ṣánṣán, ó ń rùn, èso rẹ̀ sì ń rọ̀ sísàlẹ̀. Ó máa ń fa selenium láti inú ilẹ̀ sára débi pé ó lè pa ẹran.

Èyí tó jọ ground plum jù lọ ni mo fi ṣẹ̀yìn: Astragalus plattensis. Ó ń sùn sílẹ̀ bí i tirẹ̀, èso rẹ̀ náà ní ẹran lára. Irun ló yà wọ́n sọ́tọ̀. Èso plattensis ní irun, ti ground plum ń dán gbinrin.

A ti kan èso wàyí. Lẹ́yìn tí òdòdó bá ti rẹ̀, ohun róbótó kan á bẹ̀rẹ̀ sí í wú níbẹ̀. Tó bá dàgbà tán, ó á tó sẹ̀ǹtímítà 2, kò ju orí àtàǹpàkò lọ. Ìwúwo rẹ̀ á fa ọ̀pá rẹ̀ wálẹ̀, èso náà á sì gbé orí ilẹ̀ gan-an. Apá tó kọjú sí oòrùn á pọ́n, apá tó kọjú sílẹ̀ á tutù bí ewé. Ẹ fi ọ̀bẹ là á sí méjì. Ara rẹ̀ nípọn, ó lómi. Ní àárín, ògiri kan là á sí yàrá méjì, àwọn hóró wẹ́wẹ́ sì tò sínú yàrá kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó ṣì tutù, adùn ẹ̀wà tútù tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ já ló wà lẹ́nu rẹ̀. Tó bá gbẹ, ara á hun jọ, á fúyẹ́, á sì di àwọ̀ ilẹ̀, hóró rẹ̀ á ti di dúdú. Èso gbígbẹ náà lè wà nílẹ̀ fún oṣù púpọ̀, nítorí náà ẹni tó dé pápá lẹ́yìn àkókò òdòdó ṣì lè rí ẹ̀rí.

Èso yìí ṣàjèjì débi pé onímọ̀ ewéko Per Axel Rydberg yọ ọ́ kúrò láàárín Astragalus, ó fún un ní ìran tirẹ̀, Geoprumnon. Àwọn tó tẹ̀ lé e dá a padà. Thomas Nuttall, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó gba odò Missouri gòkè ní 1811, ló fún un ní orúkọ tó ń jẹ́ títí dòní. Ìwé pẹlẹbẹ kan tí wọ́n tẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1813 ni orúkọ náà ti kọ́kọ́ jáde.

Àwọn onílẹ̀ ti mọ̀ ọ́n kí Nuttall tó dé. Melvin Gilmore kọ ohun tí ó gbọ́ lẹ́nu àwọn ẹ̀yà tó wà ní àgbègbè odò Missouri sílẹ̀, ìwé rẹ̀ sì jáde ní 1919. Ó ní oúnjẹ ẹfọ̀n ni àwọn Dakota kà á sí, ọmọdé àti àgbà sì ń jẹ ẹ́ ní tútù. Èyí tó wọ̀ mí lọ́kàn jù ni ti àwọn Omaha àti Ponca. Tí àkókò àtigbin àgbàdo bá tó, wọ́n á rẹ hóró àgbàdo sómi, wọ́n á sì já èso ground plum sínú omi kan náà. Bí àgbàdo bá rẹ tán, wọ́n á kó o lọ sóko, wọ́n á da èso náà nù. Nígbà tí Gilmore béèrè ìdí, ẹni tó ń sọ fún un kò mọ̀ ọ́n mọ́. Èrò Gilmore fúnra rẹ̀ ni pé, níwọ̀n bí èso náà ti ń yọ gẹ́lẹ́ nígbà àgbìn, ó lè jẹ́ pé wọ́n gbà pé ó lágbára láti mú kí àgbàdo so wọ̀ǹtìwọnti. Ẹ̀yin àgbẹ̀ tó ń gbọ́ mi, ẹ̀yin pẹ̀lú wọn yóò yé ara yín láìsí ògbufọ̀.

Pápá tí mo ń sọ yìí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ tán. Nínú pápá koríko gíga tí Amẹ́ríkà ní tẹ́lẹ̀, èyí tó kù kò tó 4 nínú 100. Ohun ìtúlẹ̀ ló tú u, nítorí ilẹ̀ rẹ̀ lọ́ràá. Èyí tó kù jù wà ní Flint Hills ní Kansas, ohun tó sì gbà á là ni òkúta: ó sún mọ́ òkè ilẹ̀ débi pé ohun ìtúlẹ̀ kò lè wọ̀ ọ́, ni wọ́n bá fi í sílẹ̀ fún màlúù. Ní 1996, ìjọba Amẹ́ríkà ya apá kan ibẹ̀ sọ́tọ̀ gẹ́gẹ́ bí ohun àjogúnbá, wọ́n sì dá ẹfọ̀n padà síbẹ̀ ní 2009. Ní Wisconsin, ground plum ti wọ inú ìwé àwọn ewéko tó fẹ́ parẹ́ ní ìpínlẹ̀ náà. Inú mi kì í dùn bí mo bá gbọ́ pé ẹnì kan wú u láti lọ gbìn ín sílé. Gbòǹgbò tó jìn yẹn kì í jáde lódidi. Ewéko tí a wú báyìí kú ni, ibi tó ti wà tẹ́lẹ̀ á sì ṣófo.

Ẹ má sì jẹ ẹ́ nítorí pé ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu mi. Ohùn orí rédíò kò lè fi èso hàn yín. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó mọ̀ ọ́n dáadáa kọ́kọ́ dúró tì yín.

Púpọ̀ nínú àwọn ènìyàn wa ló ń gbé ní àgbègbè Dallas àti Fort Worth. Bí ẹ bá ní ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò níbẹ̀, ẹ sọ fún un pé ground plum wà ní Tandy Hills, pápá àdáyébá kan nínú ìlú Fort Worth gan-an. Kí ó lọ síbẹ̀ nígbà òdòdó, ní oṣù kẹta, kí ó ya àwòrán bí ẹ̀ka ṣe sùn sílẹ̀, kí ó ya abẹ́ ewé, kí ó sì ya ẹnu àpò òdòdó láti ẹ̀gbẹ́. Kí ó sàmì sí ibẹ̀. Kí ó tún padà lọ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan láti wo ẹsẹ̀ ewéko kan náà bóyá èso rẹ̀ ní irun tàbí kò ní.